Jẹnẹrétọ̀ Bàbá Ìyàwó

Kò sí ẹ́ńjìnì tí Tàjúdéènì ń bẹ̀rù. Lọ́rì tí wọ́n fi ń kó yanrìn, bọ́ọ̀sì tó ju ẹni tó rà á lọ lọ́jọ́ orí, ẹ̀rọ ata tó gbé òkúta mì, gbogbo wọn ló ti kọjá lábẹ́ sípánà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mile 2, kò sì sí èyí tó gba oorun lójú rẹ̀ rí. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀rù láyé. Ohun náà ní irun funfun, ó ń wọ gíláàsì, ó sì ń gbé nínú fúláàtì ní Festac. Bàbá Fọlọ́runṣọ́ lorúkọ rẹ̀. Òun ló bí Ẹ̀bùnlọlá.

Ó ti pé ọdún méjì tí Tàjúdéènì àti Ẹ̀bùnlọlá ti ń fẹ́ra wọn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọmọbìnrin náà ń ṣe, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí i lẹ́nu. Ìyẹn nìkan tó láti mú Tàjúdéènì, ọmọ Ìkirè, gbàgbé ọ̀nà ilé. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1979 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kò sì fọwọ́ sí ìwé kankan rí láìkà á lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ tí Tàjúdéènì lọ dọ̀bálẹ̀ fún un tó sọ ohun tó bá wá, bàbá wo èékánná rẹ̀ tí óyìlì dúdú kún abẹ́ rẹ̀, ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà, ó sì tún èékánná náà wò. Ó ní ẹni tó ní sátífíkéètì lòun ní lọ́kàn fún ọmọ òun, ṣùgbọ́n òun ò ní torí iṣẹ́ ọwọ́ lé ẹnikẹ́ni.

"Iṣẹ́ rẹ ni màá fi mọ̀ ọ́," ni bàbá wí. "Jẹnẹrétọ̀ kan wà nínú ọkọ̀ mi. Lọ wò ó."

Ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ̀ náà, etí ọ̀sà ní Amúwo ni wọ́n so ó mọ́. Bàbá rà á ní gbàǹjo lọ́sẹ̀ tó fẹ̀yìn tì, ó fẹ́ máa fi gbé àwọn ará Festac lọ sí Àgbádárìgì bọ̀. Ọkọ̀ gidi ni, àbùkù kan ṣoṣo ló ní: ó ń jò. Kì í ṣe jíjò tó lè rì í lójú ẹsẹ̀ o. Jíjò àgbàlagbà ni, díẹ̀díẹ̀, láìsinmi. Pọ́ǹpù kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń da omi náà padà sínú ọ̀sà, iná jẹnẹrétọ̀ ni pọ́ǹpù yẹn sì ń lò. Bí jẹnẹrétọ̀ ò bá ti ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ kúrò létí omi nìyẹn.

Tàjúdéènì tú jẹnẹrétọ̀ náà palẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó tò ó padà. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ ra dísẹ̀lì gálọ́ọ̀nù méjì, ó fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì, ó da gálọ́ọ̀nù kan sínú táǹkì, ó sì gbé èkejì sábẹ́ bẹ́ǹṣì inú ọkọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, níṣojú bàbá, ó yí i lẹ́ẹ̀kan péré, jẹnẹrétọ̀ dáhùn. Bàbá mi orí, orí tó mì yẹn ni Tàjúdéènì fi sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Lọ́jọ́ kejì tí í ṣe ọjọ́ Àìkú, àlùfáà ìjọ bàbá wá ya ọkọ̀ sí mímọ́. Ó wọ́n omi àdúrà sí i lára láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n kọrin, wọ́n túká.

Sátidé tó tẹ̀ lé e lọkọ̀ máa kọ́kọ́ lọ sí Àgbádárìgì. Bàbá kó àwọn alájọgbélé rẹ̀ mẹ́jọ wá pẹ̀lú abọ́ jọ́lọ́ọ̀fù wọn. Ẹni tó ṣe pàtàkì jù nínú èrò ọkọ̀ ni Àyìnkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Màmá Abẹ́òkúta. Ọmọ kankan kì í lọ sílé ọkọ nínú ẹbí wọn kó má gba ẹnu màmá yìí kọjá. Bàbá sì ti sọ ọ́ gbangba fún Tàjúdéènì: bí jẹnẹrétọ̀ bá ṣiṣẹ́ lójú ẹ̀gbọ́n òun, tí wọ́n lọ tí wọ́n bọ̀ láyọ̀, wọn yóò dá ọjọ́ tí àwọn èèyàn Tàjúdéènì máa wá tọrọ ọmọ. Bí kò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́? Bàbá ò sọ ìyẹn. Kò sì sídìí tó fi yẹ kó sọ ọ́.

Nítorí ìdí èyí, bùbá àti ṣòkòtò funfun ni Tàjúdéènì wọ̀ wá síbi iṣẹ́ ẹ́ńjìnì lọ́jọ́ náà. Ìfẹ́ a máa sọ ọlọ́gbọ́n di bẹ́ẹ̀.

Ó kí gbogbo àgbà tán, ó ká apá aṣọ, ó dojú kọ jẹnẹrétọ̀. Ó gbé lífà kékeré orí rẹ̀ sókè kó lè fúyẹ́ lọ́wọ́, ó ki irin bọ ihò tí wọ́n fi ń yí i, ó yí i títí ó fi ń sáré, ó ju lífà sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tu èéfín funfun, ó dákẹ́. Tàjúdéènì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn àgbà, ó ní òtútù ìdájí ni. Aago mẹ́wàá ti lù, oòrùn sì ń jó wọn lórí. Ó tún un yí. Ó wúkọ́, ó tu èéfín, ó dákẹ́. Nígbà tó yí i lẹ́ẹ̀keje, òógùn ti lẹ bùbá mọ́ ọn lẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó rántí rẹ́rìn-ín mọ́.

Màmá Abẹ́òkúta bi àbúrò rẹ̀ bóyá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, àbí ó ku ibì kan. Bàbá ní kí wọ́n ṣe sùúrù.

Omi ti dé kókósẹ̀ wọn nínú ọkọ̀ lákòókò yìí. Ó di dandan kí àwọn alájọgbélé da jọ́lọ́ọ̀fù inú abọ́ kan mọ́ òmíràn kí wọ́n lè rí abọ́ gbọ́n omi. Ọ̀kan nínú wọn, Clement, akọ̀wé ní iléeṣẹ́ kan ní Apapa, ní òun ò lè máa gbọ́n omi nígbà tí ìwé wà. Ó fa ìwé jẹnẹrétọ̀ náà yọ láti inú dúrọ́ọ̀ kan nínú ọkọ̀, ó dúró ṣánṣán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè láti ojú ewé kìíní. Ojú ewé kìíní ń kọ́ni bí a ṣe ń gbé ẹ̀rọ jáde nínú páálí. Tàjúdéènì rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó fò ó kọjá. Clement ní wọn kì í fo ìwé kà, pé ìdí tí iṣẹ́ fi ń bàjẹ́ ní Nàìjíríà nìyẹn. Bàbá ní òótọ́ ló sọ. Clement bá gba agbára, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Tàjúdéènì di etí sí Clement, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wá ìdí ọ̀rọ̀. Ó wo óyìlì, óyìlì pé. Ó yọ fílítà tó ń gba atẹ́gùn, ó gbé e sókè wo oòrùn, ó mọ́. Ó ki ọwọ́ bọ ẹnu páìpù èéfín bóyá eku ti kọ́lé síbẹ̀, kò sí eku. Èéfín funfun yẹn ló ń dà á láàmú. Ìwé Clement ò tíì débẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ́ Tàjúdéènì níṣẹ́ ti sọ fún un pé ẹ́ńjìnì tó bá ń wúkọ́ tó ń tu èéfín funfun, kó wo ohun tó mu.

Ife dígí kékeré kan wà lábẹ́ táǹkì, tí epo máa ń gbà kọjá kó tó dé ẹ́ńjìnì. Tàjúdéènì nù ún, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Dísẹ̀lì wà lókè bí òróró ṣe máa ń léfòó lórí ọbẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, omi ló wà níbẹ̀. Omi mọ́gáanran, ó ju ìdajì ife lọ.

Òun ló ra epo. Òun ló sẹ́ ẹ.

"Kí lo rí?" ni bàbá bi í.

Tàjúdéènì ní kò sí nǹkan, sà. Ṣùgbọ́n bàbá ti bẹ̀rẹ̀, gíláàsì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ife náà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó máa nàró, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Omi wà nínú epo tí o rà," ó wí, gbogbo ọkọ̀ sì gbọ́. "Bóyá wọ́n rẹ́ ọ jẹ ni o, bóyá ìwọ lo rẹ́ mi jẹ ni o, mi ò mọ̀. Epo tí o rà ni."

Àwọn tó ń gbọ́n omi dúró. Ẹnì kan pòṣé. Ẹlòmíràn ní òun ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé àwọn mẹkáníìkì Mile 2 yìí, ọ̀rọ̀ wọn gba àdúrà. Màmá Abẹ́òkúta kò pòṣé, ó kàn ń wo Tàjúdéènì láti orí dé ẹsẹ̀, ìyẹn sì burú ju òṣé lọ.

Ẹ̀bùnlọlá, tóun náà wà láàárín èrò ọkọ̀, ló gbé báàfù wá kí wọ́n lè fa táǹkì gbẹ sínú rẹ̀. Ó lóṣòó ti Tàjúdéènì bí ẹni tó fẹ́ bá a di báàfù mú, ó sì sọ̀rọ̀ láìgbé ojú sókè.

"Tàjú, epo ẹ kọ́. Dádì ni. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nígbà tí gbogbo èèyàn ti lọ, wọ́n padà wá. Wọ́n ní ara ọkọ̀ nìkan ni àlùfáà wọ́n omi sí, pé inú ẹ́ńjìnì niṣẹ́ wà. Ni wọ́n bá ṣí táǹkì, wọ́n da omi àdúrà tó kù síbẹ̀. Ìgò ńlá kan gbáko."

Tàjúdéènì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sunkún, kò mọ èyí tó máa kọ́kọ́ ṣe.

"Má sọ ọ́ o," ni Ẹ̀bùnlọlá fi kún un. "Mo bẹ̀ ẹ́. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé èmi ni mo sọ."

Wàhálà wá dé. Bí ó bá dákẹ́, òun ni olè epo. Bí ó bá la ẹnu, ó ti sọ fún bàbá ìyàwó, lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti alájọgbélé mẹ́jọ, pé òun ló ba ẹ́ńjìnì ara rẹ̀ jẹ́. Kò tún parí síbẹ̀ o. Mùsùlùmí ni Tàjúdéènì. Kò sẹ́ni tó fi ìyẹn ṣe ìjà nílé bàbá, nítorí ìlàjì ẹbí wọn ní Abẹ́òkúta ń kírun, ṣùgbọ́n kí Tàjúdéènì ọmọ Lèmọ́ọ̀mù wá dìde pé omi àdúrà ìjọ ló fa àìsàn jẹnẹrétọ̀, ta ni yóò gbà pé ẹ́ńjìnì ló ń sọ?

Ó gbé ojú sókè wo bàbá. Bàbá ò wo ibi tó wà. Ọ̀sà ló ń wò, ó ń wò ó bí ẹni tí ọ̀sà jẹ lówó. Ìgbà náà ni Tàjúdéènì mọ̀ pé bàbá ti mọ̀. Ó ti mọ̀ látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ wo ife náà.

"Èmi ni, sà," ni Tàjúdéènì wí. "Mo fi omi fọ gálọ́ọ̀nù kan, mi ò dúró kó gbẹ kí n tó bu epo sí i. Ẹ má bínú, sà. Ẹni tó ta epo ò ṣe nǹkan kan."

Bàbá yí ojú sí i wìrì. Fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan, ó jọ pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ó dáa, kó fọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ yẹn gbà wọ́n tó wákàtí kan nínú oòrùn. Tàjúdéènì fa táǹkì gbẹ, ó tú ife dígí, ó fi ẹnu fẹ́ páìpù títí ìtọ́ rẹ̀ fi di dísẹ̀lì. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́n omi kọjá ló ń dá a lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń nu gálọ́ọ̀nù. Clement tilẹ̀ rí ojú ewé tó sọ ọ́, ó kà á fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dùn ún, kí á má parọ́. Ó dùn ún gan-an, nítorí nínú ayé yìí, ohun méjì ló fi ń yangàn, Ẹ̀bùnlọlá àti iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń wò ó báyìí tó ń fi ọ̀kan ra èkejì láìtíì mọ̀ bóyá wọ́n á tà á fún un.

Nígbà tí táǹkì gbẹ, omi àti epo jókòó sínú báàfù. Tàjúdéènì gbé e, ó fẹ́ dà á sínú ọ̀sà.

"Má dà á nù!"

Bàbá ló ké bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn wò ó. Ó wúkọ́, ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé kí wọ́n bu èyí tó wà nísàlẹ̀ sínú ìgò, pé ó lè wúlò. Màmá Abẹ́òkúta bi í pé kí ni omi ìdọ̀tí yóò wúlò fún. Bàbá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀." Tàjúdéènì ò bèèrè nǹkan kan ní tirẹ̀. Ó rọra bu omi náà sínú ìgò bí ẹni ń bu oògùn, ó dé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá. Bàbá gbà á, kò lè wo ojú rẹ̀. Ìgò náà kún, ó sì kù díẹ̀ nínú báàfù.

Màmá Abẹ́òkúta wo ìgò, ó wo gálọ́ọ̀nù, ó tún wo àbúrò rẹ̀. Ìṣẹ́kù omi inú gálọ́ọ̀nù tí wọ́n fọ̀ kì í kún ìgò.

Tàjúdéènì da gálọ́ọ̀nù kejì sínú táǹkì. Ó tú nọ́ọ̀tì kékeré kan lára páìpù, ó ń fi ọwọ́ fa epo wá títí ìfófòó atẹ́gùn fi tán lẹ́nu páìpù náà, ó dè é padà. Ó gbé lífà. Ó yí irin, ó yí i, ó yí i, ó ju lífà sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ gbá gìrì, ó tu èéfín dúdú kan ṣoṣo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ké kíkankíkan. Pọ́ǹpù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Omi ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, àwọn alájọgbélé ju abọ́ sílẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Màmá Abẹ́òkúta ò pàtẹ́wọ́. Ó pe àbúrò rẹ̀ sápá kan, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ kékeré, apá kan àti apá kejì ò jìnnà síra.

"Mo rí i pé ọmọ yìí mọṣẹ́," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tó lè bomi mọ́ epo kó má mọ̀, mi ò lè fa ọmọ wa lé e lọ́wọ́. Lónìí epo ni, lọ́la ńkọ́? Ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àbí o ní ohun tó o fẹ́ sọ?"

Tàjúdéènì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí jẹnẹrétọ̀ tó ń gbọ̀n. Ẹ̀bùnlọlá ń wo bàbá rẹ̀. Kò ṣẹ́jú.

Bàbá bọ́ gíláàsì. Ó gbé ìgò inú ọwọ́ rẹ̀ sókè díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, omi àdúrà nìyí. Èmi ni mo dà á sínú táǹkì."

Màmá fi ọwọ́ bo etí, ó ní òun ò gbọ́, pé jẹnẹrétọ̀ ń pariwo. Bàbá tún un sọ. Màmá ò gbọ́. Bàbá wo Tàjúdéènì, bóyá yóò pa jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú wọn ti rí láàárọ̀ yẹn, ta ló jẹ́ pa á? Ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní ọ́fíìsì bá fa èémí sínú, ó lọgun:

"Èmi ni mo da omi àdúrà sínú epo! Ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan!"

Àwọn apẹja tó wà lódì kejì yíjú wò wọ́n. Clement ṣí ìwé, ó sì dojú kọ ọ́ gidigidi. Àwọn tó kù rántí lójijì pé àwọn ní omi tó yẹ kí àwọn gbọ́n, bẹ́ẹ̀ omi ti tán nínú ọkọ̀.

"O sì jẹ́ kí gbogbo wa máa bú ọmọ ọlọ́mọ nínú oòrùn láti wákàtí kan?" ni Màmá Abẹ́òkúta bi í. Bàbá tẹrí ba fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Màmá wò ó títí, ó mi orí, ó lọ jókòó, ó sì ní kí wọ́n bu jọ́lọ́ọ̀fù fún mẹkáníìkì kí ebi tó pa á kú.

Bàbá rìn lọ bá Tàjúdéènì. Ó sún mọ́ ọn dáadáa nítorí ariwo.

"O purọ́ fún mi," ó wí. "Lójú mi, lórí ohun tí èmi fúnra mi ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ má bínú, sà."

"Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí mo bá tún ṣe àṣìṣe, wá sọ fún mi." Bàbá wo ẹ̀yìn bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbọ́. "Ní kọ̀rọ̀ ni o."

"Ó dáa, sà."

Ojú ń ti bàbá, kò sì fi pamọ́ mọ́. "Ohun tí mo ṣe sí ọ lónìí ò dáa. Wákàtí kan ni mo fi ń wá ẹnu tí màá fi sọ ọ́, mi ò rí i. Kọ̀wé sí bàbá rẹ ní Ìkirè. Kí wọ́n wá rí wa. Kí wọ́n má pẹ́ o."

Tàjúdéènì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó gbàgbé pé òun wọ funfun, ó gbàgbé pé dísẹ̀lì àti omi ọ̀sà ṣì wà nílẹ̀ pákó. Bàbá ní kó dìde, kò dìde. Wọ́n tú okùn ọkọ̀, ọkọ̀ kúrò létí omi, Clement gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀ tó ń dúpẹ́. Ẹ̀bùnlọlá ló wá lóṣòó tì í pẹ̀lú abọ́ jọ́lọ́ọ̀fù, tó sọ fún un pé bàbá ti lọ jókòó tipẹ́.